Obìnrin Kẹtàdínláàádọ́ta

Kí n má tún pa irọ́ mìíràn lé èyí tí mo ti pa tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ tó gbé mi dé Ìlú Ọba, irọ́ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ńlá o. Ìlà bíi mélòó kan péré ni, tí mo fi báírò kọ sórí fọ́ọ̀mù ní Ìbarà, lẹ́yìn tí mo ti jẹ oúnjẹ ìyá mi tán tí mo sì yó. Bí àwọn èèyàn bá bi mí pé báwo ni mo ṣe rí òkè òkun lọ, mo máa ń ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ọlọ́run ṣe tiẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ṣe tèmi.

Ọ́fíìsì tí mo bá ara mi wà ní àjà kẹta ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, ní apá àríwá Ìlú Ọba, níbi tí òjò ti ń rọ̀ wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́ tí kì í sì í dá. Àpótí irin ló kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè ògiri. Inú àwọn àpótí yẹn ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta wà. Mi ò ṣàwàdà. Àwọn obìnrin tí mo mọ̀ lójúkojú, tí mo ti jókòó tì lẹ́bàá ìkòkò aró ní Ìtòkú, tí wọ́n ti bú mi, tí wọ́n ti fún mi ní ẹ̀kọ mu, gbogbo wọn ti di káàdì tí wọ́n lu ihò sí lára kí ẹ̀rọ lè kà á. Ihò kan ni ọkọ, ihò kan ni ọjọ́ orí, ihò kan ni iṣẹ́. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Wọ́n ní àṣírí ni, nítorí náà nọ́ńbà ni olúkúlùkù ń jẹ́. Nígbà tí mo wà láàárín wọn, ńṣe ni mo ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tí mo dé ibi tí mi ò ti lè rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni mo wá ń jókòó tì wọ́n látàárọ̀.

Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin òyìnbó gíga kan tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe oníṣègùn o, ìwé ló kà débẹ̀. Ohun tó ń wádìí ni bí iṣẹ́ ṣe ń yí padà lọ́wọ́ èèyàn. Kí ni obìnrin yìí ń ṣe lọ́dún yìí? Kí ló ń ṣe lẹ́yìn ọdún méjì? Bó bá ti fi iṣẹ́ àná sílẹ̀, kí ló dé? Àwọn obìnrin kan náà ni wọ́n ń padà lọ bá lọ́dún méjì méjì, ìbéèrè kan náà sì ni. Dókítà máa ń wí pé, bí èèyàn bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kan péré ló gbọ́. Bó bá padà lọ béèrè léraléra, ìgbà náà ló tó gbọ́ ayé onítọ̀hún.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé wọn kì í kí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá arúgbó kan wà tó máa ń nu àtẹ̀gùn wa, Dórà lorúkọ rẹ̀. Dókítà, tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí iṣẹ́, á kọjá lórí ilẹ̀ tí Dórà ń nù bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń nu ara rẹ̀. Háà! Ní Ìtòkú, dán an wò kí o kọjá lára aláró láìkí i. Á pè ọ́ padà ni: "Ọmọ ta nìyí? Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Ara mi ò gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí Dórà ní Yorùbá, nítorí mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá." Á wò mí, á mi orí, á máa nulẹ̀ lọ. Oṣù kẹta ló tó ṣẹlẹ̀ pé, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó yanu, òun ló ké láti òkè àtẹ̀gùn: "Ekuṣẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo ń rìn bí ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí: mo lè kí ẹni tí mi ò bá tan pé ó kú iṣẹ́.

*

Kí ẹ tó lè mọ ibi tí ẹ̀bi mi wà, ẹ ní láti mọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nílé. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Ìbarà sì kún fún ọ́fíìsì tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ò tíì gbẹ. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá. Wọ́n fún mi ní báàgì, báírò àti ìdìpọ̀ fọ́ọ̀mù, mo sì ń rin Ìtòkú já dé Ṣàpọ́n, láti agboolé dé agboolé.

"Ìjọba tún ti rán ọmọ kékeré wá o!" Bí wọ́n ṣe máa ń kí mi káàbọ̀ nìyẹn. "Owó-orí lẹ tún ń bọ̀ wá gbà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, kì í ṣe owó-orí. A kàn ń béèrè nípa iṣẹ́ ni."

"Owó-orí náà nìyẹn. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, ìyá?"

"Iṣẹ́ wo?" Wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sí mi lójú, tó dúdú láti èékánná dé ìgbúnwọ́. "Ṣó ò rí i ni?"

Wọ́n á jọ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì kọ ọ́: aláró. Nígbà tó yá, kò sídìí láti béèrè mọ́. Kí ìyá kan tó la ẹnu, mo ti mọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú kiri, ó ń rẹ aṣọ lójoojúmọ́. Bí ó bá dúdú nínú èékánná nìkan, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti kan aró kẹ́yìn. Mo mọ ọwọ́ kà ju bí mo ṣe mọ ìwé kà lọ.

Nínú orúkọ tí wọ́n ṣà, tìyá mi bọ́ sí i. Òun ló di obìnrin kẹtàdínláàádọ́ta. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kì í bi ẹbí ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá mi ni. Mo rò ó pé, kí àlejò wá jókòó ti màámi kó máa tú ikùn rẹ̀, nígbà tí èmi ń bẹ? Mo fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú báàgì mi.

Ṣùgbọ́n èmi náà ò bi í. Ta ló máa kúnlẹ̀ níwájú ìyá tó bí i lọ́mọ, tó máa wá ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ yín?" Wọ́n á ní ìwé ti yí i lórí. Ẹnu iṣẹ́ aró yẹn ló ti pọ̀n mí dàgbà. Nílé ẹ̀kọ́, Ọlọ́wọ́-aró ni wọ́n ń pè mí, nítorí mo ń bá a fọ aṣọ kí n tó lọ kàwé. Àlejò ni à ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹni, a ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà mo jẹ èbà tó tẹ̀ fún mi, mo wo bí apá rẹ̀ ṣe ń wọ inú ìkòkò tó ń jáde, mo padà sí Ìbarà, mo kọ ọ́ síbẹ̀: aláró, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Òtítọ́ ni tọdún yẹn. Ojú mi ló rí i.

Ọdún yẹn náà, kí ọyẹ́ tó dé, màámi wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá nínú abọ́ onídérí. Ó nà án sí mi níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi, ọwọ́ dúdú lára abọ́ funfun. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ọwọ́ yìí ò ní kun oúnjẹ báyìí?" Àwọn yòókù gbè é. Mo fa màámi lọ sẹ́yìn ilé.

"Màámi, ẹ má fi ọwọ́ yìí wá síbí mọ́. Ibi iṣẹ́ ni."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Mo ti gbọ́, ọmọ mi," ó ní. "Jẹun kó má tutù."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Kí n tó fọ abọ́ tán, mo ti gbàgbé ohun tí mo sọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìbéèrè tún kàn án. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo lọ, ó jókòó sí iwájú ilé, aṣọ àdìrẹ kún orí tábìlì rẹ̀ bí ìgbàgbogbo. Ìkòkò ń hó lẹ́yìnkùlé. Mo wo ọwọ́ rẹ̀.

"Màámi, ọwọ́ yín mà ti mọ́ o! Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn! Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn gidigidi. Èmi tí mo ti ka ọwọ́ obìnrin tí kò níye, mi ò ka tìyá mi. Mi ò bi í pé ìkòkò ta ló ń hó. Mo jẹun, mo padà sí Ìbarà, mo wo ohun tí mo kọ lọ́dún àkọ́kọ́, mo dà á kọ: aláró, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọdún méjì tún yípo, mo tún dà á kọ.

*

Nítorí pé fọ́ọ̀mù mi mọ́ tónítóní, tí kò sí àyè òfìfo nínú rẹ̀, ni Dókítà ṣe ní kí wọ́n mú mi wá. Ohun tó wí fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo dé. Ó mú mi lọ síwájú pátákó tó ti fa ìlà àwọn obìnrin náà sí. Ìlà àwọn yòókù ń gùn, ó ń sọ̀: ẹni tó ń rẹ aró lọ́dún kan ti ń ta búrẹ́dì lọ́dún kejì. Ọ̀kan ṣoṣo ló lọ gbọọrọ, bí okùn tí à ń sá aṣọ sí.

"Kẹtàdínláàádọ́ta," ni Dókítà wí. Ayọ̀ ń tàn lójú rẹ̀. "Kì í yẹsẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kọ ìwé mi lé lórí. Ṣé o rántí rẹ̀?"

"Díẹ̀," ni mo wí.

Díẹ̀! Ìyá mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ìlà gbọọrọ yẹn, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń fóònù sílé ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Alhaji kan ní tẹlifóònù ní Ṣàpọ́n, màámi á sì lọ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti kírun Súbúhì, kí n má baà pè nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ó máa ń pariwo bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ohùn rẹ̀ máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ẹ̀wù tó nípọn wà lọ́rùn ẹ?"

"Mò ń jẹun, màámi. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ, alhamdulilahi."

Ẹ rí i, mo bi í! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé kíkí ni ìyẹn. Kò sí ẹni tí a bi ní "iṣẹ́ ńkọ́" tó máa jókòó ṣàlàyé. Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, yàrá mi á dákẹ́ pátápátá, màá sì máa rò ó pé èmi gan-an ta ni. Nílé, àwọn aláró ń pè mí ní ọmọ ìjọba. Níbí, wọ́n ń pè mí ní ọmọdébìnrin Nàìjíríà. Àjò ò dùn kí onílé má relé, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé wo? Àwọn èèyàn mi wà nínú àpótí irin, èmi ni mò ń tì wọ́n pa nírọ̀lẹ́.

*

Ọdún kejì tí mo dé ni àwọn fọ́ọ̀mù tuntun tó wá láti Abẹ́òkúta. Ṣẹ̀rífátù ló kọ wọ́n. Òun ló gba báàgì lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń lọ, opó ni, ọmọ méjì ló ń dá tọ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ níṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ní Ìbarà. Mo rántí pé mo sọ fún un pé, "Má fi àyè sílẹ̀ lófìfo o. Ohun tí òyìnbó fẹ́ nìyẹn."

Dókítà pè mí sí yàrá rẹ̀. Inú ń bí i. Ojú ewé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù kẹtàdínláàádọ́ta, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, wà lórí tábìlì. *Iṣẹ́: alágbàtà, ó ń bá àwọn aláró ta aṣọ. Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti fọwọ́ kan aró kẹ́yìn? Ó di ọdún kẹfà.*

"Kẹfà!" ni Dókítà wí. "Nígbà tí ìwọ fúnra rẹ bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ìgbà mẹ́ta! Obìnrin tuntun yìí ò lọ síbì kankan. Ó jókòó sílé, ó ń kọ ohun tó wù ú."

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ó ń kà, orúkọ ẹlòmíràn ló fi kà á.

Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, lẹ́tà á lọ sí Ìbarà kí wọ́n dá Ṣẹ̀rífátù dúró. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó jẹ́ kí n máa gbé Ìlú Ọba, ara iṣẹ́ yẹn ló so mọ́. Mo ní, ẹ jẹ́ kí n ronú ná. Ṣé ìrònú wà níbẹ̀? Ojo lásán ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, èmi sì ń sá fún ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Sunday tó tẹ̀lé e ni àkọ́kọ́ nínú oṣù. Mo pe Ṣàpọ́n.

"Ọmọ kan wá sọ́dọ̀ mi," ni màámi wí, kí n tó kí i tán. "Ṣẹ̀rífátù. Ọmọ dáadáa ni! Ó jókòó, ó bi mí ní ìbéèrè títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́. Kò kánjú."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Òtítọ́ ni. Ṣé kí n máa purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Màámi," mo ní, "ṣé ẹ ti fi aró sílẹ̀ ni?"

"Ó ti pẹ́ o."

"Kí ló dé?"

"Àgbà ń dé síni, ọmọ mi. Ṣé ò ń jẹun?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dúró síwájú Dókítà, mi ò jókòó. Mo ní, "Ẹ má fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Kẹtàdínláàádọ́ta, ìyá mi ni. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo jókòó sí Ìbarà tí mo kọ ọ́. Mi ò bi í."

"O ò bi í?"

"Mi ò bi í."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé ìyá mi ni."

Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹlòmíràn mélòó lo tún kọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun nìkan ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Dókítà ya lẹ́tà tó kọ nípa Ṣẹ̀rífátù, ó sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà ó ṣí àpótí irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo káàdì tó ti ọwọ́ mi wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn ìyá tó na ọwọ́ sí mi lójú, tó sọ òtítọ́ fún mi lábẹ́ oòrùn, irọ́ mi kan ṣoṣo ló kó gbogbo wọn jáde. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́ sínú páálí. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ sọ pé èyí ò purọ́, èyí náà ò purọ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Ó ní kí n parí oṣù náà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà.

"Ojú ewé tó kẹ́yìn," ó ní. "Wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á fún mi."

Mo gbà á. Bí màámi ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni Ṣẹ̀rífátù kọ ọ́ sílẹ̀, kò yí nǹkan kan padà.

*Kí ló mú yín fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?*

*Ọmọ mi rí iṣẹ́ sí Ìbarà. Ó ní kí n má fi ọwọ́ aró wá síbẹ̀ mọ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo wá gbé ìkòkò mi fún orogún mi. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó mọ́. Nígbà tó mọ́, mo se ọ̀lẹ̀lẹ̀, mo lọ. Wọ́n ní kò sí níjòkòó, ó ti lọ bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè.*

*Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí ẹ fẹ́ sọ?*

*Ọmọ náà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ni fọ́ọ̀mù yìí. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní ó kú iṣẹ́. Kó má bínú pé mi ò sọ fún un. Kò bi mí ni.*

Dókítà ti mú báírò, ó ń dúró. "Kí ni obìnrin náà wí?"

"Ìyá mi ni," mo wí. "Ó ní mi ò bi òun."